Ẹ-Dìde àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Ẹni Tó Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, tí ẹ bá jókòó, ẹ dìde ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó tí òun bá ń bọ̀. Ó dáa, ẹ padà jókòó. Kò sí níbí, kò sì lè fún ẹnikẹ́ni nínú wa ní ìwé ẹ̀sùn mọ́.

Ọ́fíìsì tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ń gba ìwé àṣẹ ló ti ń ṣe ọ̀gá. Lẹ́yìn rẹ̀, Ẹ-Dìde ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí ohun tí akọ̀wé rẹ̀ máa ń pariwo láràárọ̀ nìyẹn. Akọ̀wé náà ní orúkọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́" lẹ́nu rẹ̀ ti pẹ́, nítorí náà Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n tètè tú àṣírí kan. Gbogbo bí Ẹ-Dìde ṣe ń fẹ̀ yẹn, adelé ni. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ọ̀gá ló ni àga náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí ọkùnrin yìí di àyè náà mú fún oṣù márùn-ún, kí Mínísítà tó pinnu. Bí ó bá ṣe dáadáa, wọ́n á fún un ní lẹ́tà tí yóò yọ "adelé" kúrò níwájú orúkọ rẹ̀. Bí kò bá ṣe dáadáa, á padà sí yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní olú iléeṣẹ́ Mínísítà, níbi tó ti ka fáìlì fún ọdún mọ́kànlá. Lẹ́tà yẹn ló fi ń sùn, òun ló fi ń jí. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé ó ti ń bọ lẹ́tà náà lọ́wọ́ lójú oorun.

Ọjọ́ kejì tó jókòó sórí àga, ó kọ ìkéde kìíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀gá àná mọ́ nínú ọgbà ọ́fíìsì. Ó ti sú u kí wọ́n máa sọ pé, "Nígbà Màmá Ọ̀gá, báyìí la ṣe ń ṣe é." Wọ́n yọ àwòrán obìnrin náà lára ògiri. Ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ wá funfun ju ìyókù lọ, gbogbo ẹni tó bá wọlé á sì wo ibẹ̀, á rántí rẹ̀. Ni Ẹ-Dìde bá ní kí wọ́n kun gbogbo ògiri.

Ìkéde kejì ló fa wàhálà. Nínú gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn ti ń tò, kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò kẹta, tí wọ́n so mọ́ sípíkà méjì, áàpù orin sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Oníkọ̀ǹpútà, ń nu eruku lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnnì kan, orin bẹ̀rẹ̀. Fèrè mẹ́fà ló kọ́kọ́ dún lẹ́ẹ̀kan náà, ìlù ńlá wá tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn gan-an ni Ẹ-Dìde ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó dúró. Àyà rẹ̀ yọ síwájú, ikùn rẹ̀ wọlé, ọrùn rẹ̀ sì gùn.

"Ta ló ń kọrin mi?" ló béèrè.

Láti ọjọ́ kejì, bí aago mẹ́jọ bá lù, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ dìde, òṣìṣẹ́ àti aráàlú, orin á dún, ọ̀gá á sì wọlé. Wíńdò kankan kò gbọdọ̀ ṣí títí orin yóò fi parí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni orin náà, ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n péré sì ni gbọ̀ngàn. Bí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ tí orin ṣì ń lọ, á yí padà, á lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí Ẹ-Dìde kò kíyè sí. Bàbá Òǹtẹ̀, ọkùnrin tó ti ń yẹ ìwé àṣẹ wò tó sì ń lu òǹtẹ̀ ní wíńdò kẹta fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká kí orin tó dé ìdajì. Oníkọ̀ǹpútà fà á láṣọ. Ó gbé báàgì náà sílẹ̀, ó sì fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ló wolẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń gbé mì, ṣùgbọ́n àlàyé ẹ̀rín náà kò ṣeé ṣe láìdárúkọ ẹni tí ìkéde kìíní ní kí wọ́n má dárúkọ.

Orin náà wá dùn mọ́ Ẹ-Dìde débi pé ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí Mínísítà. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni ìjábọ̀ náà. Iye ìwé àṣẹ tí wọ́n fún aráàlú gba ìlà kan. Orin gba ojú ìwé mẹ́fà. Ó kọ ọ́ báyìí pé: "Ní òru ọjọ́ kan tí ìfẹ́ iṣẹ́ ìlú kò jẹ́ kí n sùn, èmi fúnra mi jókòó, mo sì ṣẹ̀dá orin ọ́fíìsì yìí láti inú ọpọlọ mi." Mínísítà fèsì pé òun ń bọ̀ wá gbọ́ orin náà ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún tó fi ń ṣe adelé, òun á sì mú lẹ́tà kan dání. Ẹ-Dìde ka èsì yẹn títí ìwé fi fẹ́ ya.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọjọ́ náà pé nígbà tí kọ̀ǹpútà ya wèrè. Bí àwọn ṣe pè é nìyẹn. Èmi rò pé òun nìkan ni orí rẹ̀ pé níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti pariwo tirẹ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ náà: "Ẹ dìde! Ọ̀gá tó ń bọ̀ yìí ni ìmọ́lẹ̀ gbogbo fáìlì! Òun ni ọba gbogbo ìbuwọ́lù! Òun ni atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ sí wa nínú gbọ̀ngàn yìí!" Fáànù gbọ̀ngàn náà ti bàjẹ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Fèrè mẹ́fà dún, Ẹ-Dìde gbé ẹsẹ̀, ó rin ìṣísẹ̀ méje. Orin dákẹ́.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìkéde pé ọ̀gá kì í rìn láìsí orin.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó béèrè lórí ẹsẹ̀ kan.

"Sà, áàpù ló ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù," Oníkọ̀ǹpútà dáhùn. "Ó fẹ́ mọ ẹni tí ẹ jẹ́."

"Ó fẹ́ mọ kí ni?"

"Ẹni tí ẹ jẹ́, sà."

Wọ́n di ọ̀gá mú ní apá méjèèjì, wọ́n gbé e dé iwájú kọ̀ǹpútà. Ó na ìka kan, ó sì tẹ orúkọ rẹ̀ sínú àpótí tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀ ń di ẹyọ àmì dúdú kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wá wo nǹkan! Ó ti sọ orúkọ mi di ìgbẹ́ eṣinṣin!"

"Bẹ́ẹ̀ ni pásíwọ́ọ̀dù ṣe máa ń rí, sà."

Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé kò tọ̀nà. Ẹ-Dìde rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì pinnu pé oyè tí òun fi kún un ni kò tó. Ó tún tẹ̀ ẹ́: orúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà, Aṣáájú Ìdàgbàsókè, Olùdásílẹ̀ Orin. Kò tọ̀nà. Ó fi Ọkọ Aya Rere kún un. Kò tọ̀nà náà ni. Ní òkè àpótí yẹn, kọ̀ǹpútà kọ orúkọ ẹni tó ni orin náà gàdàgbà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà rí orúkọ yẹn, ó ranjú mọ́ ọn. Orúkọ Màmá Ọ̀gá ni. Kíá ló gé bébà pẹlẹbẹ kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ojú kọ̀ǹpútà, ó sì bo orúkọ náà mọ́lẹ̀.

"Ìkéde kìíní, sà," ló sọ.

"O ṣeun," Ẹ-Dìde dá a lóhùn. "Ìwọ lo lọ́pọlọ níbí."

Oníkọ̀ǹpútà wá gbìyànjú láti ṣàlàyé. Obìnrin tí kì í pariwo ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀. "Sà, ẹni tó ra orin yìí rà á lórúkọ ara rẹ̀. Ó jọ pé ó ti yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ìyẹn ni áàpù fi ń béèrè bóyá òun náà ló ṣì ń lò ó. Bí a bá fagi lé e, orin á tún dún díẹ̀, ṣùgbọ́n á tún béèrè. Tí a bá fẹ́ kó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n yọ gbogbo orin tí ẹni yẹn rà kúrò, kí ẹ wá tún un rà lórúkọ tiyín. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

"Kí n ra orin tí èmi fúnra mi kọ?"

Oníkọ̀ǹpútà wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Àbí kí ẹ béèrè pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni tó..."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà húkọ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó tọ́ka sí ìkéde kìíní lára ògiri tuntun.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ní kó fi tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ̀. Ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje dìde láti wádìí àfojúdi kọ̀ǹpútà. Ìgbìmọ̀ náà jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n jẹ bisikíìtì, wọ́n sì pinnu pé kí wọ́n fún kọ̀ǹpútà ní ìwé ẹ̀sùn. Bẹ́ẹ̀ni-Sà dúró níwájú ẹ̀rọ náà, ó kà á sókè: "Láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, kí o ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fìyà jẹ ọ́ fún bíbéèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé." Nígbà tí wákàtí náà pé, kọ̀ǹpútà fèsì. Ó ní kí wọ́n tẹ pásíwọ́ọ̀dù.

Wọ́n fi aṣọ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò ronú pìwà dà.

Ìgbà yẹn ni Ẹ-Dìde ṣe èyí tó burú jù. Ó ní kí ẹnì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó máa tẹ "Fagi lé e" ní gbogbo ìgbà tí ìbéèrè náà bá yọjú, kí orin lè máa dánra wò de Mínísítà. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ẹ̀rọ jù lọ ló yàn, èyí tíí ṣe Bàbá Òǹtẹ̀. Ọkùnrin tó lè mọ ìwé tó pé àti èyí tí kò pé láìwọ awò, ó wá ń fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì kan lójoojúmọ́ ayé. Wọ́n ti wíńdò kẹta. Kò sì sí ìwé àṣẹ tó ń jáde láìgba wíńdò kẹta.

Ìlà àwọn èèyàn gùn jáde ní gbọ̀ngàn, ó gùn dé géètì. Onídìrí kan wà lára wọn, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa pé kó lọ gba òǹtẹ̀ ìkẹyìn wá. Ojoojúmọ́ ló ń wá, ó ń dìde, ó ń jókòó. Ọmọ mẹ́ta ló ń dúró dè é nílé, dígí rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó fi ń mú irun gbẹ sì wà lẹ́yìn àgádágodo. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí obìnrin yẹn fẹ́ kò ju kí ọwọ́ kan gbé òǹtẹ̀ kan kalẹ̀ lórí ìwé lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì lu tèmi," ló bẹ Bàbá Òǹtẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan míì. Wọ́n ń ṣọ́ mi."

"Orin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí o. Mo ń gbọ́ ọ tí mo bá ń fọṣọ."

Ọjọ́bọ̀ pé. Ẹ-Dìde wọ kóòtù tuntun, ó sì ní kí wọ́n gbé ojú ẹ̀rọ ńlá kan, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn méjì, kọ́ ara ògiri, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí Mínísítà lè máa wo orin bó ṣe ń gbọ́ ọ. Oníkọ̀ǹpútà kìlọ̀: "Sà, gbogbo ohun tó bá hàn ní kékeré ló máa hàn ní ńlá."

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn," ni Ẹ-Dìde wí.

Mínísítà dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ń rìn kíákíá, ó sì ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ-Dìde kí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ó ní kí òun tó dé, òkùnkùn ni ọ́fíìsì náà. Ó ní àwọn aráàlú tó ń tò yẹn, ìfẹ́ òun ló ń fà wọ́n wá, wọn kò sì fẹ́ lọ sílé. Onídìrí gbọ́ èyí, ó fọwọ́ lérí.

"A ti gbọ́," Mínísítà sọ. "Orin dà?"

Ẹ-Dìde jáde lọ sẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀ni-Sà pariwo, gbogbo èèyàn dìde, fèrè mẹ́fà dún, ọ̀gá wọlé. Ìṣísẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Ní ìkeje, orin dákẹ́. Lára ògiri, lẹ́tà tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá yọ jáde: orin yìí jẹ́ ti lágbájá, tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ. Lágbájá kọ́ ni wọ́n kọ o, orúkọ Màmá Ọ̀gá ni, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sáré gbé bébà pẹlẹbẹ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bébà náà kò bo ju lẹ́tà kan lọ. Ó ń fò sókè, ó ń fi bébà bo lẹ́tà yìí, ó ń ṣí ti ọ̀hún sílẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ ń tẹ "Fagi lé e," orúkọ náà ń lọ, ó sì ń padà wá.

"Orúkọ ta nìyẹn?" Mínísítà béèrè.

Àwọn òṣìṣẹ́ ogójì ń wo ìkéde kìíní lára ògiri. Mínísítà náà wò ó, ó súnmọ́ ọn, ó kà á.

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n. Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé ìfẹ̀yìntì obìnrin yìí, èmi lè dárúkọ rẹ̀. Sà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ orin yìí ni?"

"Kọ̀ǹpútà ń purọ́ mọ́ mi, ma," Ẹ-Dìde dáhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè. "A ti fún un ní ìwé ẹ̀sùn."

"Ẹ fún kí ni níwèé ẹ̀sùn?"

Mínísítà yíjú sí Oníkọ̀ǹpútà, ó ní ṣé ó ní nọ́ńbà ọ̀gá àná. Ó ní in. Wọ́n pè é, wọ́n sì gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ohùn Màmá Ọ̀gá wí. Omi ń ṣàn lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jọ pé ó ń bomi rin nǹkan. "Ta nìyẹn? Mínísítà? Ẹ kú iṣẹ́, ma. Orin? Orin wo? Éè, èyí tó ní fèrè! Èmi ni mo rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fóònù mi ti ń sọ pé ẹnì kan ń gbìyànjú láti jí nǹkan mi. Ogóje ìgbà! Mo ti mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá."

"Kí lẹ ń fi orin náà ṣe nígbà yẹn, màmá?"

"Ìparí iṣẹ́ ni. Bó bá di aago mẹ́rin, á dún kí àwọn òṣìṣẹ́ lè gbé báàgì wọn, kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá Òǹtẹ̀ kì í fẹ́ lọ, ìyẹn ni mo ṣe wá èyí tó ń pariwo. Kí lẹ wá ń fi ṣe nísinsìnyí?"

Mínísítà wo Ẹ-Dìde. "Ọ̀gá tuntun ló ń bá a wọlé."

Onídìrí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá Òǹtẹ̀ tẹ̀ lé e, ìlà náà gbà á dé géètì, àwọn tí kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ń rín ẹ̀rín àwọn tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ojú Mínísítà, ó rí i pé òun náà ń rẹ́rìn-ín, lòun náà bá rín ju gbogbo wọn lọ.

Mínísítà gbé lẹ́tà jáde nínú báàgì. Ẹ-Dìde na ọwọ́. Obìnrin náà kò fún un.

"Ẹ jẹ́ ká gbàgbé orin," ló wí. "Ọ́fíìsì ìwé àṣẹ nìyí. Obìnrin tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín yẹn, fún ọ̀gá ní ìwé rẹ. Sà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ lu òǹtẹ̀ síbi tó yẹ."

Ẹ-Dìde gba ìwé náà. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó gbé òǹtẹ̀, ó gbé e dé ibi ìbuwọ́lù, ó gbé e kúrò, ó gbé e dé ibi àwòrán. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí ìwé onídìrí, obìnrin náà sì fi ìborùn rẹ̀ nù ún kúrò. Oṣù márùn-ún gbáko, kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí.

"Bàbá," Mínísítà pe Bàbá Òǹtẹ̀, "ẹ dìde níbẹ̀ yẹn."

Bàbá Òǹtẹ̀ na ẹ̀yìn. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì lu òǹtẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. "Ẹlòmíì!" ló kígbe, wọ́n sì ṣí wíńdò kẹta. Oníkọ̀ǹpútà yọ orin Màmá Ọ̀gá kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè náà lọ, kò sì padà mọ́. Mínísítà ká lẹ́tà náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó dá a padà sínú báàgì.

Kò bú Ẹ-Dìde. Kò tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́, wíńdò kẹta ló jókòó tì, ó ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọkùnrin náà padà sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró gangan nínú kóòtù tuntun, bóyá ẹnì kan á tún ké sí i, bóyá ẹnì kan á ní kó wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń lu òǹtẹ̀, wọ́n ń pe ẹni tó kàn.

Onídìrí dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀," ló wí. "Mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi."

Ó yà.